Ìbéèrè Tí Ìyá Fuad Fẹ́ Fẹnu Ara Rẹ̀ Bi

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ o. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Àtìkórí ní Gẹ̀ẹ́sì, kò séyìí tó nira tó ti ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.

Ìyá Fuad, aránṣọ àdúgbò wa, wọlé tọ̀ mí wá láìbọ́ bàtà. Fuad ọmọ rẹ̀ ṣubú níbi iṣẹ́ ní Kánádà. Ọjọ́ kẹfà rèé tí ẹbí ti ń sọ fún un pé ara ọmọ ń mókun. Irọ́ ni. Fuad ti kú. Mùbàṣírù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti kìlọ̀ fún mi: a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu abiyamọ, kí n jẹ́ kí àwọn àgbà àti lèmọ́mù pé ná. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, mo sì gbà.

"Tíṣà, Sharon tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wà lára àwọn tó gbé e. Mo ti rí nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa bi í bóyá Fuad ń mí nígbà yẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín bi í."

"Rárá. Gbogbo ẹni tó ń bá mi túmọ̀ ló ń fi oyin sí i. Èyí tó máa fi yes tàbí no dáhùn ni mo fẹ́. Ìyẹn yé mi."

Ǹ bá lé e padà, ojú rẹ̀ ni ò jẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: Fuad was breathing. Mo ní kó gbé was ṣáájú Fuad, ó di ìbéèrè nìyẹn. Ó ń ṣì í, ó ń sunkún, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. "Was Fuad breathing?" Ó tó ìgbà ogún. Èmi ń gbàdúrà pé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má sí. Àdúrà burúkú gbáà.

Sharon gbé fóònù. Mo ní ìyá Fuad ló ń pè. Ìyá Fuad bi í, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Sharon ní, "No." Ẹkún ò jẹ́ kó sọ ìyókù.

Mo yára lanu. "Ó ní..."

"Mo gbọ́."

Ó gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. "Ọjọ́ mẹ́fà, Tíṣà. Mo ń gbààwẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́hun pé kó wo òkú sàn."



Ó gbójú sókè wò mí. "Ṣé ẹ ti mọ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.