Wákàtí Kẹrin

Iṣẹ́ mi ni kí n máa mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ọgọ́rin ọkọ̀ akẹ́rù ló wà lójú kọ̀ǹpútà mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì pupa kékeré tirẹ̀. Àwọn àmì yẹn a máa purọ́. Ọkọ̀ á wà lójú títì jẹ́ẹ́, àmì rẹ̀ á fò sínú odò, á tún fò padà. Ìdí nìyẹn tí asẹ́ fi wà nínú ètò náà: àmì tí kò bá bá ìrìn ọkọ̀ mu, asẹ́ á dà á nù bíi pàǹtí. Èmi ni mo ń pinnu bí asẹ́ ṣe máa le tó, mi ò sì tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ.

Nígbà tí kíndìnrín bàbá mi dáṣẹ́ sílẹ̀, dókítà ní kí wọ́n máa wá sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀rọ á máa fa ẹ̀jẹ̀ wọn jáde, ẹ̀jẹ̀ á gba inú asẹ́ gbọọrọ kan kọjá, ẹ̀rọ á sì dá a padà sí wọn lára. Wákàtí mẹ́rin gbáko ni, láti aago mẹ́sàn-án. Mi ò lè jókòó tì wọ́n, ni mo bá fi ètò ilé iṣẹ́ wa sínú fóònù wọn.

“Ṣé èmi náà ti di ọkọ̀ akẹ́rù ni?”

“Ọkọ̀ akẹ́rù kì í ṣagídí tó yín, Bàámi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ki fóònù bọ àpò. Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Kò sí ẹni tí wọn ò lè ràn lọ́wọ́, àfi ara wọn.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo rí i pé tó bá ti di aago méjìlá, àmì bàbá mi á fò kúrò ní ọsibítù, á bọ́ sórí àga ibùdókọ̀ tó wà níwájú ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ, kí ló fẹ́ wá ṣe ní ibùdókọ̀? Mo ní ògiri ọsibítù ló ń da àmì láàmú. Mo mú kí asẹ́ le sí i. Àmì jókòó jẹ́ẹ́ títí di aago kan, nígbà tí mo máa ń lọ gbé wọn lẹ́nu géètì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹsẹ̀ wọn wú. Wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Dókítà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, bó bá ń lọ báyìí, bàbá mi lè má lo oṣù méjì sí i.

“Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ń lò,” ni dókítà wí. “A ti bẹ̀ wọ́n títí.”

“Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mo ní ẹ̀rí.”

Mo ṣí kọ̀ǹpútà tìgbéraga-tìgbéraga, mo dẹ asẹ́ kó lè rí gbogbo àmì. Ìgbà méjìdínlógún ni àmì bàbá mi ti lọ sórí àga yẹn, ní aago méjìlá géérégé. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo dókítà.

Lọ́jọ́ tó kàn, èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó sórí àga náà. Bàbá mi jáde pẹ̀lú òwú lápá, wọ́n ń mí gúlegúle, wọ́n sì jókòó tì mí.

“O ti mú mi, ọ̀gá awakọ̀.”

“Kí ló dé, Bàámi?”

“Aránṣọ kan ló ń lo ẹ̀rọ yẹn lẹ́yìn mi. Ìyá rẹ̀ máa ń gbàgbé nǹkan. Aládùúgbò tó ń bá a ṣọ́ ìyá kì í dúró kọjá aago márùn-ún. Bí mo bá lo wákàtí mẹ́rin, ó di aago mẹ́fà kí aránṣọ náà tó délé. Lọ́jọ́ kan ìyá bọ́ síta, ó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri, díẹ̀ ló kù kí mọ́tò gbá a.”

“Ṣé ó mọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe?”

“Mo ní wákàtí mẹ́ta ti tó mi. Mo ti pẹ́ láyé. Kí ni wákàtí kan?”

Inú bí mi gan-an. “Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Bàámi. Èmi ńkọ́? Ta ló sọ fún yín pé mo ti rí yín tó?”

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, mo sì sunkún níbẹ̀, lójú àwọn tó ń dúró de ọkọ̀.

Nígbà tí mo lọ bá aránṣọ náà, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. “Ẹ̀mí bàbá yín ni mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí?” Ó ní òun ò tún ní gorí bẹ́ẹ̀dì yẹn kí aago kan tó lù. Mo ní kò burú, ẹ júwe ilé yín fún mi.

Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ báyìí, mo máa ń tètè kúrò níbi iṣẹ́. Aago márùn-ún, aládùúgbò á jáde, èmi á wọlé. Ìyá arúgbó náà kì í bi mí ta ni mí. Lánàá, ó fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa mí lórí.

“Bàbá ẹ ńkọ́?” Ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ ló ń béèrè.

“Wọ́n wà nílé, Mà,” ni mo wí. “Wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n ń sùn.”

Irọ́ kọ́ ni mo pa.