Àpótí Ìbọn Solveig

Ohun tí Solveig Tveit kọ́kọ́ ṣe nígbà tó ti Montana dé ni pé ó gbé àpótí ìbọn rẹ̀ tó ti fọ́ ka orí tábìlì oúnjẹ, láàárín ọ̀dùnkún bíbọ̀ àti ẹja tí Arvid ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bù sáwo. Ojú mi ló ṣe. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e láti pápákọ̀ òfurufú wálé, torí ilé wa ló fara ti tiwọn létí omi ní Petersburg, ìlú apẹja wa níbí, a sì ti jọ ń ṣọdẹ láti ìgbà tí orúnkún wa ò tíì máa pariwo.

“Arvid, wò ó,” ó ní. “Wò ó dáadáa.”

Arvid gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Apẹja ni, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni, àmọ́ ahun ni. Tí kì í bá ti í ṣe ohun tó jẹ mọ́ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, kò sí ọjà tí kò wọ́n jù lójú rẹ̀. Òun ló ra àpótí náà fún ìyàwó rẹ̀, ó sì rà á torí pé owó rẹ̀ ló kéré jù nínú gbogbo èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

“Ó ti sán díẹ̀,” ni Arvid wí.

“Díẹ̀? Híńjì ti já. Ìdérí ti là sí méjì. Wo ẹ̀gbẹ́ ibí yìí, àgádágodo ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, mo sì ń ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀ báyìí!”

“Àwọn tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ ló jù ú mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi àpótí.”

“Kí wá ni wọ́n ń ṣe àpótí fún, Arvid? Ṣé kí wọ́n máa gbé e jó ni? Níbo lo mọ̀ láyé yìí tí wọn kì í ti í ju ẹrù?”

Mo ní kí n máa lọ sílé, Solveig ní kí n jókòó, kí n jẹ́rìí sí i. Mo jókòó.

Àpótí fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń bí i nínú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè ní Montana ni. Lọ́dọọdún ló máa ń lọ sọ́dọ̀ Gudrun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń sin màlúù níbẹ̀, láti lọ pa ẹ́lìkì, àgbọ̀nrín ńlá tó ga tó ẹṣin. Lọ́dún yẹn, kùrukùru dá ọkọ̀ òfurufú dúró, ọjọ́ tí ìgbà ọdẹ máa parí ló tó débẹ̀. Kò sí àyè láti dán ìbọn wò. Ìbọn mọ́, ó ń dán, kò sí àpá lára rẹ̀. Kò mọ̀ pé ibi tí àpótí ti là ni ohun tó gbá a ti gbá awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn lórí ìbọn, tí awò náà sì ti yẹ̀ kúrò lójú ọ̀kánkán. Ó wò ó sí àyà ẹran, ọta lọ bá a nínú ikùn. Ẹran náà kò ṣubú. Ó yíjú wo Solveig, ó sì wọ igbó lọ. Òun àti Gudrun tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí yìnyín títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wọn lójú, wọn kò rí i.

“Ẹran yẹn kò ṣẹ̀ mí,” Solveig sọ fún Arvid. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. “Bí mo bá fẹ́ pa á, ó yẹ kó kú kó tó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. O sọ mí di òǹrorò nítorí owó táṣẹ́rẹ́.”

Arvid tún mú fọ́ọ̀kì. Ó ń fi í ti ọ̀dùnkún kiri inú abọ́.

“Èmi ni n ó ra òmíràn,” ni Solveig wí. “Èmi fúnra mi. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi dá sí i.”

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Clifton, tí wọ́n ti ń ta àwọ̀n, ìbọn àti bàtà òjò. Arvid ní òun á bá a lọ, òun kàn fẹ́ ra okùn ni. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, n ò jẹ́ purọ́, mo fẹ́ wòran.

Clifton yọ sí wa, ó bọ Arvid lọ́wọ́. “Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Kí ni màdáámù ń wá?”

“Màdáámù ń gbọ́ ẹ o,” ni Solveig wí. “Ó ń wá àpótí ìbọn tó le.”

“Irú ìbọn wo ni, ọ̀gá?” Clifton tún bi Arvid.

Arvid wo òkè àjà. Ó mọ ohun tó ń bọ̀.

“Ọmọ yìí,” Solveig wí, “bí o bá tún bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ lórí ìbọn mi, òun ni wàá ta gbogbo ohun tó wà níbí fún, torí èmi ò ní wọ ibí mọ́.”

Clifton tọrọ gáfárà, ó sáré wọ inú. Ìgbà tó máa jáde, àpótí kékeré kan ló gbé dání, aláwọ̀ òdòdó, wọ́n ya labalábá sí i lórí. Ó ní àwọn obìnrin fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó fúyẹ́.

N ò lè sọ ohun tí Solveig sọ sí labalábá yẹn. Ká ṣá sọ pé Clifton dá a padà, ó sì gbé gbogbo àpótí tó kù wá sílẹ̀ bí ẹni tó kó pósí jáde, ó to gbogbo wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Solveig kúnlẹ̀ láàárín wọn. Ó ń ṣí, ó ń dé. Èyí tó ní ìkọ́ àgádágodo ní àárín nìkan, ó gbá igun rẹ̀ mú, ó fà á sókè, ó sì fi ọwọ́ bọ̀ ọ́. “Olè náà á ṣe bẹ́ẹ̀,” ó ní, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí híńjì rẹ̀ jẹ́ rọ́bà lásán, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òmíràn dára, àmọ́ fóòmù inú rẹ̀ tinrin bí ẹ̀wù àwọ̀sùn. Ó wá ku ẹyọ kan, dúdú, wíwúwo, ìkọ́ àgádágodo wà ní igun méjèèjì, irin gígùn kan ló sì la inú híńjì rẹ̀ já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Ó gun orí rẹ̀. Ó fò sókè, ó balẹ̀ gbì.

“Màdáámù! Ẹ ò tíì sanwó!”

“Àwọn ti pápákọ̀ kì í dúró kí n sanwó kí wọ́n tó jù ú.” Àmọ́ ó san án, ó kà á sọ́wọ́ Clifton, ó gbé àpótí jáde, ó sì tẹ́ ẹ síwájú ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù rẹ̀.

“Solveig,” ni Arvid wí, “má ṣe é. Mo bẹ̀ ọ́. Owó gidi lo fi rà á.”

“Bó bá máa fọ́, níbí ni kó ti fọ́ lójú mi, kì í ṣe níbi tí n ò sí.”

Ó wọ ọkọ̀, ó wà á gorí àpótí kọjá. Àwọn èèyàn ti jáde láti ilé kọfí òdìkejì. Ó tún fi ẹ̀yìn gùn ún padà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí i. Ó ṣí wẹ́rẹ́, ó dé pa, kò sí ohun tó ṣe é ju àpá táyà lọ. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Solveig kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa, èyí le,” ó sì jù ú sẹ́yìn ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ ní ìgbẹ̀yìn oṣù kẹsàn-án, Solveig lọ sí Anchorage lọ bá ọmọ rẹ̀ tó bímọ, ó sì lo oṣù kan níbẹ̀. Ó padà dé nígbà tó ku ọ̀la kí èmi àti òun wọkọ̀ òfurufú lọ sí Montana. Ó lọ sí yàrá ẹnu ọ̀nà níbi tí àpótí máa ń wà. Kò bá a níbẹ̀.

Láti inú ilé mi ni mo ti gbọ́ orúkọ Arvid. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti jẹ́wọ́: Halvor ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá yá a.

“Ìbọn wo ni Halvor ní?” Solveig bi í. “Láti ìgbà wo ló ti ń ṣọdẹ?”

“Kì í ṣe ìbọn. Ó fẹ́ gbé ẹja lọ fún àna rẹ̀ ní Texas.”

Solveig mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Àwa mẹ́ta wọ ọkọ̀ lọ sí ilé Halvor. Inú Halvor ń dùn ní tirẹ̀. Ó mú wa lọ sí ahéré ẹ̀yìnkùlé, ó ń rojọ́ lọ bí ẹni pé a wá kí i kú oríire.

“Solveig, ọwọ́ ẹ dáa lọ́jà! Irú àpótí yìí! Mo kó yìnyín sí i, mo to ẹja sámọ́ọ̀nù sí i títí dé ẹnu, kò jo ẹ̀kán omi kan. A dé Texas, bí ìgbà tí ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Àna mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún!”

“Ìgbà wo lo dé?”

“Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì.”

“O sì dé e pa bẹ́ẹ̀?”

Solveig ṣí i. Halvor fúnra rẹ̀ fẹ̀yìn rìn. Gbogbo wa, ẹja la fi ń jẹun ní ìlú yìí, a bí wa sínú òórùn ẹja, síbẹ̀ mo sáré jáde. Fóòmù inú rẹ̀ ti fa omi ẹja mu bí búrẹ́dì tó já sínú tíì, ó sì ti bu funfun.

“A lè fọ̀ ọ́,” ni Halvor wí.

“Ẹ̀ẹ́ fọ̀ ọ́ ni,” ni Solveig wí. Ó na ìka sí wọn. “Ẹ̀yin méjèèjì. Nísinsìnyí. Ojú mi ló máa ṣe. Mo gun àpótí yìí lójú gbogbo ìlú kí irú ẹran yẹn má bàa tún kú ikú oró lọ́wọ́ mi, ẹ wá sọ ọ́ di agbọ̀n ẹja! Kò sí ẹni tó bi mí léèrè. Ẹnì kan ṣoṣo! Ṣé fóònù ò sí ní Anchorage ni?”

“A rò pé o ò ní kọ̀,” ni Arvid wí jẹ́jẹ́.

“Bó bá dá yín lójú pé n ò ní kọ̀, kí ló dé tí ẹ ò béèrè?”

Wọ́n fi ọtí kíkan àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ létí omi lẹ́yìn ilé Arvid, àgbàlagbà méjì tó kúnlẹ̀ lórí pákó bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n fìyà jẹ. Àpótí mọ́. Àmọ́ fóòmù ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Solveig pe Clifton lórí fóònù, ó béèrè fóòmù mìíràn. Clifton ní láti Seattle lòun máa ti béèrè fún un, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Solveig gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó mú ọ̀bẹ gígùn tí wọ́n fi ń la ẹja, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó mú ẹfun kan dání, ó sì kọjú sí èbúté. Ọkọ̀ ojú omi Arvid ló wọ̀. Nínú rẹ̀ ni fóòmù ibùsùn Arvid wà, tuntun, nínípọn, èyí tó dára jù tí owó lè rà, torí ó ní ẹ̀yìn ń dun òun lójú omi.

Arvid sáré tẹ̀ lé wa. “Solveig, kí lo fẹ́ fi ọ̀bẹ yẹn ṣe?”

“Mo fẹ́ yá nǹkan ẹ. Àbí ẹnì kan ti ń gbàṣẹ nínú ìdílé yìí kó tó yá nǹkan?”

“Fóòmù mi kọ́, jọ̀ọ́! Ọ̀tunla ni mo ń lọ sójú omi!”

“Sùn lórí ẹja.”

Ó gbé ìbọn lé orí fóòmù, ó fi ẹfun tọ́ ọ yíká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, kò kánjú. Arvid jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wò ó. Kò dá a dúró. Nígbà tí Solveig tò ó sínú àpótí, ìbọn wọ inú rẹ̀ bí ọmọ tó wọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, kò mì.

Ní pápákọ̀ lọ́jọ́ kejì, òṣìṣẹ́ tó yẹ ìbọn náà wò láti rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀ gbìyànjú láti fa igun àpótí sókè. Kò mira. Ó wá fa imú. “Màdáámù, ẹ dákun, ṣé ẹja wà nínú ẹ̀ ni?”

“Bi ọkọ mi,” ni Solveig wí, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

Lọ́tẹ̀ yìí, a tètè dé Montana. Gudrun lẹ bébà mọ́ igi fún un láti dán ìbọn wò, Solveig sì yìn ín. Ibi tó fojú sí ni ọta lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ní ìdájí, akọ ẹ́lìkì kan jáde sí etí igbó, èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín. Solveig dùbúlẹ̀, ó mí sínú, ó yìn. Ẹran náà ṣubú síbi tó dúró sí. Nígbà tí a débẹ̀, ó ti kú. Solveig kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Omi ló wà lójú rẹ̀.

“Bó ṣe yẹ kó rí lọ́dún tó kọjá nìyẹn,” ó ní. “Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.”

Arvid ló wá pàdé wa ní pápákọ̀ nígbà tí a padà. Ó ti ṣe bí ẹni tó dàgbà sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú. Ó na ọwọ́ kejì sí àpótí, ó wá dúró.

“Ṣé kí n bá ọ gbé e?” ó béèrè.

Solveig wò ó. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, n ò gbọ́ kí ọkùnrin yẹn béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

“Fi ọwọ́ méjèèjì gbé e,” ó ní.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé, Arvid ní, “Solveig, ẹran ọdún tó kọjá yẹn. N ò ronú nípa ẹ̀ rí. Owó ni mo ń rò.”

“Mo mọ̀.”

“Má bínú.”

“Mò ń bínú,” ni Solveig wí. “Yóò ṣe díẹ̀ sí i kó tó tán. Wa ọkọ̀ ẹ.”

Ó wa ọkọ̀ rẹ̀.