Ọjọ́ Tí Bọ́ọ̀lù Wẹ Màmá Rẹ̀

Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí aṣọ ló ń rán, yàrá àkọ́kọ́ nínú yàrá méjì tí wọ́n ń gbé ló sì ti ń rán an. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì tó fi ń gé aṣọ wà láàárín, àwọn aṣọ tó ti parí sì so kọ́ ara ògiri yíká bí ẹni pé àlejò kún ilé. Àlejò kankan ò sí o. Oṣù kẹsàn-án rèé tí ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti ríṣẹ́ sí ìlú kan tó jìnnà, ọ̀nà ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀, tó wá ku òun àti ọmọ méjì.

Èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Alága ni wọ́n ń pè é, torí láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń darí ìpàdé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ikùn ló sọ ìyẹn di Bọ́ọ̀lù.

Lójú Bọ́ọ̀lù, inú fóònù ni màmá rẹ̀ ń gbé. Ibẹ̀ ló ti ń rí i ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tó bá ń jẹun, á gbé ṣíbí ìrẹsì kan fóònù lẹ́nu: "Màmá, ẹ jẹ díẹ̀." Tí bàbá rẹ̀ bá ti fóònù bọ àpò, á figbe ta: "Ẹ má fi Màmá síbẹ̀, ó ṣókùnkùn!" Télọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ṣá. Yóò yíjú wá ẹni tí wọn yóò jọ rín in, aṣọ tó so kọ́ ara ògiri ni yóò rí.

Ìgbà tí àwọn ọmọ bá wà nílé ìwé ló tún burú jù. Lọ́jọ́ kan tí Alága tètè dé, ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀: "Ìwọ náà wò ó, ṣé kọ́là yìí gún?"

"Bàbá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ojú ti Télọ̀ díẹ̀. "Ẹ̀rọ ni."

"Ṣé ó máa ń dá yín lóhùn?"

"Ó ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló kàn ń tún sọ."

Alága wo ẹ̀rọ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Ẹ ní sùúrù fún un. Bí Bọ́ọ̀lù náà ṣe ṣe nìyẹn nígbà tó kéré."

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan. Télọ̀ ní yunifọ́ọ̀mù méjìlá tí hòtẹ́ẹ̀lì kan fẹ́ gbà láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó sì ti wà nídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀. Ilé dákẹ́. Àgbàlagbà tó bá mọ ọmọdé mọ̀ pé bí ilé bá dákẹ́ báyẹn, ẹsẹ̀ ló yẹ kéèyàn fi wádìí. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà tù ú lára, ó sì rán apá aṣọ mẹ́ta sí i kí ara tó fu ú.

Balùwẹ̀ ló ti bá Bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà lóṣòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, kànìnkàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọṣẹ hó bò ó dé ìgúnpá. Ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fọ nǹkan kan.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń wẹ Màmá."

"Kí lo wí?"

"Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wẹ̀."

Òótọ́ ni. Lánàá, ohun tí ìyá wọn sọ kó tó pa fóònù gan-an nìyẹn: "Ó ti rẹ̀ mí, ẹ jẹ́ kí n lọ wẹ̀."

Télọ̀ já fóònù gbà. Omi ń dà láti gbogbo ihò ara rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un gbọ̀n, ó sì pariwo tí àwọn ará ìsàlẹ̀ gbọ́. Bọ́ọ̀lù ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pariwo mọ́. Fóònù ló ń wò, àánú ń ṣe é.

"Bàbá, ẹ rọra! Ọṣẹ ti wọ Màmá lójú!"

Ìbínú bá já lọ́wọ́ Télọ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ balùwẹ̀ tó tutù, ó la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tó jáde kì í ṣe ẹ̀rín. Bọ́ọ̀lù fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ nù ún lójú, ó wá mú ọ̀rọ̀ burú sí i.

Atúnfóònùṣe tó wà níkòríta tú u palẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ta ló ṣiṣẹ́ yìí?"

"Ọmọ ni."

"Ó fọ̀ ọ́ mọ́ o." Ó mi orí. "Káàdì síìmù inú rẹ̀ pàápàá ti lọ. Ẹ padà wá l'Ọ́jọ́rú. Mi ò ṣèlérí."

Ojú ọ̀nà ni Télọ̀ wà tó fi rántí pé òun ò mọ nọ́ńbà ìyàwó òun lórí. Àwòrán rẹ̀ ló ti ń tẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó mọ bí apá gbogbo oníbàárà rẹ̀ ṣe gùn tó, kò wo ìwé kó tó sọ ọ́. Ti ẹni tó ń bá a sùn lórí ẹní kan náà, kò mọ̀ ọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé dé, fóònù ò dún. Bọ́ọ̀lù béèrè pé, "Màmá ò tíì gbẹ ni?"

"Ó kù díẹ̀."

"Ẹ sá wọn sóòrùn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè tó tún béèrè, Télọ̀ ní òun ò mọ nọ́ńbà tí òun yóò fi pè é. Alága ló gbé ojú kúrò nínú ìwé tó ń kun ní àwọ̀. "Ṣé nọ́ńbà Màmá lẹ̀ ń wá? Èmi mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́ mi kí wọ́n tó lọ."

"Látàná ńkọ́?"

"Ẹ ò bi mí."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ bá Ìyá Oníbúrẹ́dì nísàlẹ̀. Ìyẹn nu ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́, ó yọ fóònù rẹ̀ kékeré fún wọn. Alága ń pàtẹ́wọ́, ó ń ka nọ́ńbà bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìwé ní kíláàsì. Ìparí ló ti dúró. "Mẹ́fà, mẹ́sàn-án. Àbí mẹ́sàn-án, mẹ́fà?"

Wọ́n fi mẹ́fà ṣíwájú. Ó dún, ẹnìkan gbé e.

"Màmá?" ni Bọ́ọ̀lù wí.

"Rárá, ọmọ mi," ohùn bàbá arúgbó kan ló dáhùn. "Mo ti dàgbà jù fún ìyẹn."

Télọ̀ gba fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, a ṣì yín pè ni."

"Ẹ má tíì pa á o," ni bàbá náà yára wí. "Fóònù yìí ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò dún. Mo tiẹ̀ rò pé ó ti bàjẹ́ ni."

"Ṣé ẹ wẹ̀ ẹ́ ni?" ni Bọ́ọ̀lù ké láti ìsàlẹ̀.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó béèrè iye ọmọ tó wà níbẹ̀, ó ní kí Alága tún nọ́ńbà kà fún òun, ó yìn ín, ó gbàdúrà fún wọn. Nígbà tí kò sí ohun tó kù láti sọ mọ́, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ ṣì mí pè." Ọ̀rọ̀ náà wọ Télọ̀ lára. Ó mọ irú ilé tí ọkùnrin yẹn jókòó sí.

Wọ́n wá fi mẹ́sàn-án ṣíwájú.

"Ta nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ ni.

"Màmá, ṣé ẹ ti gbẹ?"

Igbe ni obìnrin náà fi bọnu. Láti àná ló ti ń pè, kò sùn, kò wo. Nígbà tí Télọ̀ ṣàlàyé, igbe di ẹ̀rín, ẹ̀rín tún di igbe. Bọ́ọ̀lù ń yí fóònù sẹ́yìn, ó ń yí i síwájú, ó ń wá ojú màmá rẹ̀ nínú fóònù tí kò ní àwòrán. Alága ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ó fi ẹjọ́ Bọ́ọ̀lù parí rẹ̀.

"Wọ́n ń pè mí ní wọ́ọ̀dù," ni ìyá wọn wí. "Bàbá Alága, ẹ̀yin ńkọ́?"

"A wà dáadáa."

"Mi ò béèrè àwọn ọmọ. Ẹ̀yin fúnra yín ni mò ń béèrè."

Ìyá Oníbúrẹ́dì yí ẹ̀yìn sí wọn, ó ń to búrẹ́dì tó ti tò tẹ́lẹ̀.

"Ilé ti fẹ̀ jù fún mi," ni Télọ̀ wí.

"Yàrá tèmi níbí, ibùsùn kan ló gbà," ni ìyàwó rẹ̀ fèsì, "ó sì fẹ̀ jù fún èmi náà." Ẹnìkan tún pè é láti ẹ̀yìn. Ó dágbére fún wọn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, fóònù sì pa.

Fóònù tó wẹ̀ náà ò jí mọ́, gbogbo àwòrán inú rẹ̀ bá a lọ. Oṣù mẹ́rin sí i ló kọjá kí ìyá wọn tó dé. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sọ́ńdè yẹn, bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn padà, Télọ̀ ní kí Alága kọ́ òun ní nọ́ńbà náà. Alága ní kó pàtẹ́wọ́ dáadáa, ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní kò fọkàn sí ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ sáré wọlé lọ jà lórí búrẹ́dì tí Ìyá Oníbúrẹ́dì fún wọn. Bàbá wọn jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń kà á ní òun nìkan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, títí tí kò fi ṣì í mọ́.