Ẹni tí Kò Pa Ìrun Jẹ

Kí Fàúsátù tó ká ẹní ìkírun nílẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ ti dú adìyẹ. Adìyẹ náà ń jà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ìyá àgbà sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí owó he.

"Ìyàwó mi, o rò pé mi ò mọ̀? Láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí, o ò pa ìrun kan jẹ. Mo ti pe Sàláwù ọkọ rẹ ní bọ́dà Seme. Ó ń bọ̀."

Ara Fàúsátù tutù. Nínú ilé tí obìnrin kì í ti í kírun bó bá ń ṣe nǹkan oṣù, ta ni kò ní fura sí ìyàwó tó ń kírun lọ láìdánudúró? Ó rò pé òun gbọ́n, kò rántí ojú ìyá yìí.

Bẹ́ẹ̀ oyún kò sí níbì kankan. Nígbà tó bí Mubarakah, ọmọbìnrin rẹ̀ kejì, ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ títí ó fi dákú. Dókítà sọ lójú òun àti ọkọ rẹ̀ pé bó bá tún lóyún, àfàìmọ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ kò fi ní bá a lọ. Láti ọjọ́ náà, ọmọkùnrin nìkan ni Sàláwù ń dárúkọ. Ni Fàúsátù bá yọ́ lọ gba ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ.

Ó ní òun ń lọ ra ata, ó gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn ní Aradagun.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi yọ èyí tí ẹ fi sínú ilé ọmọ mi yìí. Ẹ dá kópà tí ẹ kọ́kọ́ fi síbẹ̀ padà fún mi."

Nọ́ọ̀sì Olúbísí wò ó tìyanutìyanu. "Ìyá Mubarakah, kópà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ yín kì í dá, tí inú ń lọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín? Torí ẹ̀ la ṣe pààrọ̀ ẹ̀. Méjèèjì ló ń dènà oyún dáadáa, àmọ́ èyí tó wà lára yín báyìí ní oògùn hòmóònù nínú. Òun ló dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, tí ẹ ò fi rí nǹkan oṣù mọ́."

"Ìyá ọkọ mi rò pé mo ti lóyún. Mo fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wá ni."

"Kí ẹ lè sọ pé oyún wálẹ̀?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

Fàúsátù bú sẹ́kún. Kópà fẹ́ẹ̀ pa á. Èyí tó wò ó sàn ló tún tú àṣírí rẹ̀. Ayé sú u pátápátá.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọkọ yín," ni nọ́ọ̀sì wí. "Òun náà ṣáà gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kópà lẹ́yìn náà, ẹ padà wá."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lórí ọ̀kadà, Fàúsátù ń to ohun tó máa sọ. Sàláwù gbàgbé ọ̀rọ̀ dókítà ni. Ọkùnrin tó ń bá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fa wàhálà láti àárọ̀ dalẹ́ lè gbàgbé. Bí òun bá rán an létí, ojú rẹ̀ á là.

Ọkọ rẹ̀ ti dé; ó bá a nínú yàrá. Sàláwù kò rẹ́rìn-ín bí ìyá rẹ̀. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Mo ti ń wá ẹni tó máa fún ẹ lẹ́jẹ̀," ló wí. "Kò ní sí nǹkan, lágbára Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá wà, má bẹ̀rù. Ìyá á bá wa tọ́ àwọn ọmọ."

Fàúsátù ti la ẹnu láti rán an létí. Ó pa á dé. Sàláwù kò gbàgbé nǹkan kan.