Ìka Ojú-Pátákó

Tíṣà dojú sánpépà, bébà tí káfíńtà fi ń ha igi, délẹ̀ lórí tábìlì, ó ya lẹ́tà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi abẹ gé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó yí i padà, lẹ́tà ti kọjú sí ibi tí kò yẹ. Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ohun tí èèyàn bá máa gé láti ẹ̀yìn, òdì ló yẹ kó yà á. Ó gé òmíràn, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ó di ojú, ó sì fi ìka tọ ojú ọ̀nà rẹ̀. Ó ń dún ṣárá, ṣárá.

Nítorí ọmọbìnrin kan tó ń jókòó lẹ́yìn pátápátá ni. Ọdún kẹta rẹ̀ rèé ní kíláàsì kan náà. Ojú-Pátákó làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí ó lè tẹjú mọ́ pátákó látàárọ̀ kó má mú ohunkóhun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Tíṣà ti rí i tó ń dirun ọ̀rẹ́ rẹ̀: ojú rẹ̀ wà níta fèrèsé, gbogbo ìlà irun sì gún régé.

Ọ̀gá ilé-ìwé yọjú. Ìró bàtà obìnrin yìí ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Tíṣà Gọ́ọ̀mù, kí lẹ tún ń lẹ̀?"

"Lẹ́tà ni, Mà. Ó jọ pé ọwọ́ lọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn yẹn fi ń mọ nǹkan."

"Ṣé afọ́jú ni?"

"Rárá o, Mà. Ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ń gbà wọ orí rẹ̀ ló yàtọ̀."

"Ọgọ́rin ọmọ, ọgọ́rin ọ̀nà? Ẹ gbọ́, tí kò bá lè kàwé níwájú àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá yẹ ilé-ìwé wa wò, ilé ló ń lọ. Kò ní bà mí lórúkọ jẹ́."

Bí ilé-ìwé bá ti jáde, àwọn méjèèjì á jókòó. Ojú-Pátákó á dijú, ìka rẹ̀ á máa rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìka náà dúró.

"Tíṣà! 'Ilé' ni!"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìka mi ni, sà."

Tíṣà kọjú sí pátákó, ó ń nu ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ àlejò, ọmọ náà dijú, ó ka gbogbo ohun tí wọ́n tò síwájú rẹ̀. Àlejò kan da lẹ́tà náà rú, ó tò wọ́n bó ṣe wù ú. Ọmọ tún kà á. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

"Ìka ò dọ́gba, ẹ̀yin àlejò wa," ni Ọ̀gá wí, ó gbá ọmọ náà mọ́ra. "Níbí, bí ẹ̀kọ́ bá ṣe yé ọmọ kọ̀ọ̀kan la ṣe ń kọ́ ọ."

Ilé-ìwé gba àmì ẹ̀yẹ. Káfíńtà kan àpótí onídígí sí ọ́fíìsì Ọ̀gá, wọ́n to lẹ́tà náà sínú rẹ̀, wọ́n sì tì í pa.

"Mà, ọmọ yìí ò tíì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn tó kù lẹ́yìn ńkọ́?"

"Pátákó wà fún wọn. Sánpépà tí ẹ bá tún gbé wọ kíláàsì, ẹ bá a jáde."

Láti ọjọ́ náà, bí kíláàsì bá dákẹ́, Tíṣà á gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn: ṣárá, ṣárá. Bó bá yíjú, á rí Ojú-Pátákó tó dijú, tó ń fi ìka tọ orí tábìlì tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn, ọmọ náà ò tiẹ̀ wá sílé-ìwé lọ́jọ́ náà, Tíṣà ṣì ń gbọ́ ọ.

Àwọn àlejò tuntun dé. Wọ́n pe Ojú-Pátákó sí ọ́fíìsì.

"Kà á fún wọn, ọmọ mi."

Ó dijú, ó na ìka. Dígí tutù, ó sì ń yọ̀. Ìka náà lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Kò rí ohunkóhun dìmú.

"Ojú ló ń tì í," ni Ọ̀gá wí, ó rẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò náà rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò àpótí náà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ọ̀gá ò tiẹ̀ bínú. "Máa lọ sílé," ló wí. "Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu mọ́. Àpótí yìí ti tó."

Àlejò ti wá lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n á wo dígí, wọ́n á mi orí, wọ́n á yin Ọ̀gá. Ẹnì kan ò tíì béèrè ọmọ tó ni ìka.