Àpótí Abẹ́ Kọnkéré

Tí ẹ bá fẹ́ kí inú bíríkìlà dùn dé gongo, ẹ jẹ́ kó da omi sórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, kí omi náà sì ṣàn lọ síbi tó ní kó ṣàn lọ gan-an. Bó ṣe rí fún Ọ̀gá Déédéé nìyẹn lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Ó ti ká gbogbo àpò tútù tó fi bo àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Lùtẹ́rán náà láti bí ọjọ́ mẹ́wàá kí kọnkéré rẹ̀ lè gan, ó da omi garawa kan sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nínú ọgbà náà, omi sì rọra gba ọ̀nà gọ́tà lọ bí ọmọ tó gbọ́ràn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí wọ́n ń pè é yẹn, kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ló fún un. Kò sí ohun tó wọ́ tó lè kọjá lójú ẹ̀, ìbáà ṣe àwòrán tí ẹnì kan gbé kọ́ ògiri nílé olóhun.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jáde wá, obìnrin kan tó máa ń rìn bí ẹni tí agogo ń lé. Ó fi bàtà tẹ ilẹ̀ náà wò.

"Ọ̀gá Déédéé, ẹ kú iṣẹ́ o! Ìjọ á ríbi dúró sí láàárọ̀ Àjíǹde. Ẹrẹ̀ ò ní ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́ mọ́."

"A dúpẹ́, Màdáàmù."

Ibi tí wọ́n ti ń yin ara wọn lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin Ọ̀gá Déédéé ti bá wọn, tòun ti àpò ìwé lẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, kíláàsì kẹrin ló wà. Nítorí ẹnu rẹ̀, ìyá bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Lọ́yà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Lọ́yà wo ilẹ̀ náà láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Ó tún un wò.

"Bàbá mi, ibo lẹ gbé àpótí wa sí?"

"Àpótí wo?"

"Àpótí tí a sin. Mo sọ fún yín."

Ọ̀gá Déédéé bojú wo ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ẹni tí kò mọ àṣà ilé ẹ̀kọ́ náà lè rò pé nǹkan kékeré ni. Bí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bá ti ku ọ̀la, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin á mú aṣọ funfun kan tí wọ́n rán Alelúyà sí gàdàgbà gadagba, wọ́n á ká a sínú àpótí, wọ́n á sì sin ín sí àgbàlá, tòbí tọmọ á dúró yí ihò ká. Láti ọjọ́ náà, wọn ò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn kọrin, wọn ò ní fi gbàdúrà. Ọmọ tó bá ṣèèṣì sọ ọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àárọ̀ Àjíǹde ni wọ́n á hú àpótí jáde, ìgbà yẹn ni gbogbo ẹnu á tó ṣí.

Lọ́dún yìí, Màmá Àgbà, ìyá Ọ̀gá Déédéé, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nílé ẹ̀kọ́ náà, ló jókòó ti àwọn ọmọ tí wọ́n fi òwú pupa rán aṣọ náà. Ọ̀gá Déédéé ṣèlérí pé òun á wá lọ́jọ́ tí wọ́n máa sin ín. Kò lọ. Ògiri kan ló dá a dúró. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Lọ́yà ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un nídìí oúnjẹ: ibi tí wọ́n gbẹ́, bó ṣe jìn tó, bí wọ́n ṣe to òkúta funfun sórí ẹ̀ kó má baà sọnù. Ó ń dá a lóhùn pé "ẹn, ẹn-ẹn, o ṣeun", ṣùgbọ́n iye bíríkì tó kù ló ń rò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Màmá Àgbà sùn, kò jí mọ́.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wá gba ìsinmi ọlọ́sẹ̀ kan, tí wọ́n ní kó wá bá wọn tẹ́ àgbàlá, ṣe ló fò mọ́ iṣẹ́ náà, torí bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró báyìí, ojú ìyá rẹ̀ ló ń rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣa òkúta funfun yẹn. Ó ní òkúta dáadáa nìyí, ó kó o mọ́ èyí tó fi tẹ́ ìsàlẹ̀, ó sì da kọnkéré lé e lórí. Nígbà tí àwọn ọmọ wọlé padà, àpò tútù ti bo gbogbo rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn.

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni!" Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá yín ló bá wọn rán an, ọmọ yín wà níbẹ̀. Mo rò pé ẹ ti fàyè sílẹ̀ fún un lábẹ́ àpò."

Ojú ti Ọ̀gá Déédéé débi pé ó tún da omi sílẹ̀, bí ẹni pé omi ló kù.

"Ó dáa, kò tó ohun tí à ń sunkún lé lórí," obìnrin náà wí. "Aṣọ funfun wà, òwú pupa wà. Láàárọ̀ Sátidé a ó rán òmíràn, ó parí."

Ọ̀gá Déédéé mí kanlẹ̀. Lọ́yà ní tirẹ̀ fàáké kọ́rí. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan aṣọ mìíràn, bó ti wù kó funfun tó.

Nílé, ìyá Lọ́yà, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ti wọ aṣọ iṣẹ́ tán, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ o," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Èmi ò lè bá Lọ́yà rojọ́, iṣẹ́ ń pè mí." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó wá ku àwọn méjèèjì nídìí tábìlì. Lọ́yà ò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ṣé torí pé Màmá Àgbà wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ rán an ni?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Ìyẹn nìkan kọ́. Bí a bá rán òmíràn, òmíràn la mú jáde nìyẹn. Èyí tí a sin ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi. Ẹ̀yin náà."

Ọ̀gá Déédéé yí ṣíbí rẹ̀ padà. Ó fẹ́ sọ pé kọnkéré náà ti gan, pé òun ò tíì ṣe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́yà ò jẹ́ kó sọ ọ́.

"Lọ́jọ́ tí a sin Màmá Àgbà, mo bi yín pé ṣé a tún máa rí wọn. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ṣé àwọn gan-an ni, àbí ẹlòmíì tó kàn jọ wọ́n. Ẹ ní àwọn gan-an ni, tòun ti ìka wọn tí abẹ́rẹ́ ti gún. Ṣé ẹ kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni?"

Ká sòótọ́, ó kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ń sunkún, ó fẹ́ kó dákẹ́, ohun tó bọ́ sí i lẹ́nu ló sọ. Bóyá òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́, kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè. Bí wọ́n bá sì gbé aṣọ tuntun jáde láàárọ̀ Àjíǹde, ó dá a lójú pé ọmọ yìí ò ní pariwo. Á kàn dákẹ́, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí bàbá òun sọ létí sàréè, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tan ọmọdé ni. Ìdákẹ́ yẹn ló bà á lẹ́rù.

"Jẹun," ó wí. "Tó bá di Sátidé, màá fọ́ ọ."

"Ilẹ̀ yín?"

"Mo ní kó o jẹun."

Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, wọ́n ti tú gbogbo aṣọ orí pẹpẹ, ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo kalẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ẹ̀yìn ni Ọ̀gá Déédéé máa ń jókòó sí, á sì ti jáde kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó jókòó títí. Nígbà tí Pásítọ̀ kàwé débi tí wọ́n ti yí òkúta dí ẹnu ibojì, tí wọ́n sì fi èdìdì dì í, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni pé òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn fún.

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé òòlù ńlá àti dígà dé. Lọ́yà gbé ṣọ́bìrì tẹ̀lé e. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sáré jáde, òwú pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá Déédéé, ọ̀la nìjọ fẹ́ dúró síbẹ̀!"

"Wọ́n á yí ihò ká, Màdáàmù. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é náà nìyẹn."

Ìṣòro kan ló wá kù: Ọ̀gá Déédéé ò rántí ojú ibi tó ti ṣa òkúta funfun yẹn mọ́. Ìṣísẹ̀ Pásítọ̀ ni wọ́n fi ń wọn ibi tí wọ́n ń sin àpótí sí, méjìlá láti ìdí ẹ̀rọ omi, Ọ̀gá Déédéé sì ti gbé ẹ̀rọ omi náà kúrò. Ìyẹn ò dà á láàmú, ó mọ ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ bó ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Pásítọ̀. Ó dé, tòun ti ṣòkòtò ilé, ó ṣí ẹsẹ̀ méjìlá, ó ní ibí yìí ni. Ọ̀gá Déédéé gbé òòlù sókè.

Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé olóòótọ́ ènìyàn lòun. Ká ní ó ti yọ sìmẹ́ńtì díẹ̀ pa mọ́ bíi tàwọn kan tó mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ilẹ̀ náà ì bá ti fọ́ kíá. Ó pò ó re. Gbogbo ohun tó yẹ kó fi sí i ló fi sí i, kọnkéré náà sì ń ta òòlù padà sí i lápá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí méjì kó tó kan iyẹ̀pẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Pásítọ̀ yọ awò ojú, ó nù ún. "Mo dẹ̀ kà á pé méjìlá o."

"Pásítọ̀, ẹ ò wọ ṣòkòtò lọ́jọ́ yẹn," Lọ́yà wí. "Aṣọ ìsìn gígùn lẹ wọ̀. Àpótí tún wà lọ́wọ́ yín."

Gbogbo wọn wo ara wọn. Pásítọ̀ wọlé, ó wọ aṣọ ìsìn rẹ̀ jáde, wọ́n gbé páálí ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́, ó wá ń rìn gọ́gọ́gọ́ lórí kọnkéré bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ẹsẹ̀ méjìlá rẹ̀ ò dé ibi ti àkọ́kọ́ rárá. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, Ọ̀gá Déédéé ì bá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó fi ṣe ìdajì ihò kejì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi mọ síbí. Ọmọdé ni, á gbàgbé."

"Kò ní gbàgbé, Màdáàmù. Èmi gan-an ò fẹ́ kó gbàgbé." Ó tutọ́ sọ́wọ́, ó tún gbé òòlù.

Obìnrin náà bọ́ bàtà, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àfọ́kù kọnkéré jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò tún sọ̀rọ̀ aṣọ tuntun mọ́.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí dígà kan pákó. Ọ̀gá Déédéé ju dígà nù, ó fi ọwọ́ walẹ̀, ó rí igun àpótí, ó sì lanu gbàgà, "Ale..." Lọ́yà fò mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ bò ó lẹ́nu.

"Ó di ọ̀la!"

Bàbá rẹ̀ tu iyẹ̀pẹ̀ jáde lẹ́nu. Ó fẹ́ ṣí àpótí náà wò, torí òun ló mọ iye omi tó dà sórí àpò fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Lọ́yà jókòó lé ìdérí rẹ̀.

"Bó bá ti jẹrà ńkọ́?" ó bi ọmọ náà wúyẹ́wúyẹ́.

"A máa rí i lọ́la," Lọ́yà wí. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó jókòó tì í lórí ìdérí yẹn títí Pásítọ̀ fi wá gbé àpótí wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Láàárọ̀ Àjíǹde, ìjọ yí ihò méjì ká dípò ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí, torí gbogbo ìlú ti gbọ́. Pásítọ̀ ṣí àpótí. Omi ti wọ ibẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ ti ràn mọ́ etí aṣọ kan, àwọ̀ òwú pupa sì ti ṣàn díẹ̀ sára funfun. Wọ́n tẹ́ ẹ sókè. Gbogbo lẹ́tà ló pé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kẹ́yìn, kókó òwú méjì wà lórí ara wọn, bí Màmá Àgbà ṣe máa ń parí iṣẹ́, tí kò sẹ́lòmíràn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Déédéé na ìka tó ti bó, ó fi kàn án.

Àwọn ọmọ ti ń pariwo ọ̀rọ̀ náà, agogo ń dún. Lọ́yà ò tíì pariwo. Kì í ṣe aṣọ ló ń wò, ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò.

"Bàbá mi, ṣé òun gan-an ni?"

"Òun gan-an ni," ó wí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ ọ́ torí kí ọmọ lè dákẹ́. Ó gbà á gbọ́. Ó wá la ẹnu, ó bá wọn kọ Alelúyà, ohùn rẹ̀ wọ́, kò sì bìkítà.

Nígbà tí wọ́n ń tú ká, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá a lẹ́bàá ihò. "Ẹ kú ọdún o. Ìgbà wo lẹ máa bá wa dí méjèèjì?"

"Ti àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀la ni. Èyí, mi ò ní da sìmẹ́ńtì sí i mọ́. Òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé méjì lè gbé ni màá fi dé e."

"Títí láé?"

"Títí láé, Màdáàmù. Ohun tó máa jáde là ń sin síbẹ̀."