Kóró Tí Kò Tíì Fọhùn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní ká lọ ṣe ìsinmi, èmi kọ́ ni mo bẹ̀ ẹ́. Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní máa pè é ní "wọ́n" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá fẹ́ "wọ́n", kó lọ sọ tiẹ̀ níbòmíràn. Aránṣọ ni mí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹsẹ̀ mi kì í kúrò lórí ẹ̀rọ àfi tí àìsàn bá dá mi dùbúlẹ̀. Ó ní iṣẹ́ máa pa mí. Mo ní iṣẹ́ tó ti ń gbìyànjú àtipa mí látọjọ́ yìí kò tíì rí mi pa. Àṣé kí n tó dá a lóhùn, ó ti gba yàrá fún wa, ó sì ti ra fìlà oòrùn méjì, àwọ̀ kan náà, pé ká jọ máa dé e kiri.

Ìsinmi náà, kí n má purọ́, jíjókòó ni. A jókòó ní yàrá, a jókòó níwájú ilé, a lọ jókòó nídìí omi. Nígbà tí jíjókòó sú òun alára, ó rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé àlejò tí a wọ̀ sí, pé ìdílé kan wà lẹ́yìn ìlú tó ní oko kajú, pé ẹni tó bá fẹ́ lè wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo bi í pé kí ni mo fẹ́ fi oko kajú ṣe. Ó bi mí pé ṣé jíjókòó ni mo fẹ́. Bí a ṣe lọ nìyẹn.

Ọmọbìnrin olóko ló wá pàdé wa lẹ́nu géètì. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ní bàbá òun ló sọ òun bẹ́ẹ̀ torí pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan jẹ́jẹ́, mo sì rí i pé Baba ò purọ́ mọ́ ọn. Kó tó sọ gbólóhùn yẹn tán, ó ti ṣí géètì, ó ti tì í, ó ti gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ti kọrí sínú oko, àwa méjèèjì sì ń sáré tẹ̀lé e bí ọmọ adìyẹ. Obìnrin tó ti lọ́mọ nílé ni o, kì í ṣe ọmọdé. Ó mú wa lọ sábẹ́ àwọn igi. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ju yàrá tí à ń sùn lọ. Ó ní wọn kì í ká kajú lórí igi. Tó bá pọ́n, á já fúnra rẹ̀, wọ́n á wá ṣà á nílẹ̀, wọ́n á lọ́ kóró kúrò nídìí èso. Ẹni tó bá ń kánjú ká a, kóró tí kò gbó ló máa rí. Ẹ̀gbọ́n mi ń ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, títí kan ìgbálẹ̀.

Ilé iṣẹ́ wọn kò ju páànù lórí òpó lọ. Màmá, ìyàwó olóko, jókòó síbẹ̀ ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa kóró. Ẹ̀rọ yẹn wù mí, torí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ bíi tèmi. Kóró tí wọ́n ti sè ni wọ́n á ki sáàárín abẹ méjì, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fọwọ́ yí i, èèpo á là, ọmọ inú rẹ̀ á bọ́ síta lódindi. Màmá fi òróró pa ọwọ́ méjèèjì dáadáa, torí oje tó wà nínú èèpo kajú máa ń bó èèyàn lára. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀, pé aránṣọ ni mí, mo mọ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọmọ inú rẹ̀ gé sí méjì geerege. Màmá gbé e yẹ̀ wò, wọ́n ní lóòótọ́, aránṣọ ò lè rí nǹkan kó má gé e. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí díẹ̀.

Níwájú páànù náà ni wọ́n sá kóró sí, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú. Baba wà láàárín rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, wọ́n ń rọra fẹsẹ̀ wọ́ kóró kiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mú kóró kan, wọ́n á dijú, wọ́n á mì í létí. Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún wa. Kóró tó bá gbẹ dénú, ọmọ inú rẹ̀ á ti ya kúrò lára èèpo; tí èèyàn bá mì í, á máa dún kọ̀kọ̀kọ̀. Ó ti fọhùn nìyẹn. Èyí tí kò bá tíì gbẹ, ó yadi. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dà á sápò títí Baba á fi ní ó ti fọhùn. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni Baba ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá tó bí wọn, kò sì sẹ́lòmíràn tó ń ṣe é. Ohùn Jẹ́jẹ́ yí padà nígbà tó débẹ̀. Mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Tèmi ríran jù. Ilé ìtọ̀ ni mò ń wá lọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí mo fi bá tápólì ńlá kan pàdé, tí kóró kajú kún orí ẹ̀ bámú, tí àwọn àpò tí wọ́n tú u jáde nínú ẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ bá mi. Ẹlòmíràn ì bá ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan. Èmi bi í pé kóró tó ti wọ àpò, tí Baba ti ní ó fọhùn, kí ló tún jáde wá gba nínú oòrùn.

Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá ní etí Baba ti di. Lọ́dún tó kọjá, Baba ní kóró ti fọhùn, wọ́n dà á sápò, oníbàárà wá kó o, gbogbo rẹ̀ bu lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dá a padà pátá, ó ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, òun ò ní yà síbẹ̀ mọ́. Òun nìkan sì ni oníbàárà tí wọ́n ní. Láti ìgbà náà, bí Baba bá ti ní ó fọhùn, wọ́n á dà á sápò lójú Baba, wọ́n á gbé e gba ẹ̀yìn, wọ́n á tún un sá títí á fi fọhùn lóòótọ́. Màmá ló ní kẹ́nikẹ́ni má sọ fún Baba. Wọ́n ní bí a bá gba kóró lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ilé ló máa lọ jókòó sí, jíjókòó ló sì máa pa á.

Jẹ́jẹ́ ní òun náà gbà bẹ́ẹ̀, títí di òní. Òní ni oníbàárà ń gbé ọkọ̀ bọ̀. Ti orí tápólì ti gbẹ, ìyẹn ò léwu, àmọ́ ó ránṣẹ́ pé òun máa kó ti orí sìmẹ́ǹtì náà papọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí Baba bá fi lè ní ó ti fọhùn lójú ẹ̀, ọkọ̀ ló ń lọ tààrà, kò sáyè àtitún un sá, á sì tún bu.

"Láti àárọ̀ ni mo ti fẹ́ sọ fún wọn, mà," ló wí. "Ẹnu mi ò gbà á."

Mo ní kí ló wá ṣòro ńbẹ̀, kó pe bàbá rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, kó sọ ọ́. Ó wò mí bí ẹni tí ò ronú. Ó ní ta ló lè bá Baba sọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀? Kó tó lè wọ Baba létí, àfi kéèyàn pariwo ẹ̀. Gbogbo oko á ti gbọ́ kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ tó gbọ́. 

A padà síwájú. Jẹ́jẹ́ mú igi tí wọ́n fi ń yí kóró, ó lọ sí òdìkejì ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀gbọ́n mi ń ya ọwọ́ Màmá ní fọ́tò. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà létí ibi tí wọ́n sá kóró sí, Baba sì wá jókòó tì mí. Wọ́n bi mí pé níbo la ti wá. Mo dá wọn lóhùn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, omi wà nínú àmù, kí n lọ bù ú mu.

 Kóró kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo ẹnu géètì, wọ́n wo Jẹ́jẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n dijú, wọ́n mì í. Wọ́n tún un mì. Wọ́n wá fi kóró náà sí mi lọ́wọ́, wọ́n fẹnu sún mọ́ mi létí, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí. Adití kì í mọ ìwọ̀n ohùn ara ẹ̀. Ohùn tó jáde, ẹni tó wà ní títì á gbọ́ ọ.

"Ìyá àlejò, ẹ bá mi mì í. Ṣé ó fọhùn? Ẹ̀yin ń padà lọ ní tiyín, ẹ ò ní tú àṣírí mi. Etí mi ti kú. Ẹ má jẹ́ káwọn ará ilé gbọ́ o, wọ́n á ní kí n lọ jókòó sílé."

Ẹsẹ̀ Màmá dúró lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fóònù rẹ̀ kalẹ̀. Jẹ́jẹ́ dúró gbagidi láàárín kóró. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tí a sọ tí adití ò gbọ́, ojú ọmọ rẹ̀ la ti ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, adití fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ lójú ọmọ ẹ̀, tó rò pé kọ̀rọ̀ lòun wà. Àánú Baba ṣe mí. Inú tún ń bí mi, torí mi ò mọ ohun tó gbé mi dé àárín ọ̀rọ̀ onílé. Kajú ni mo wá wò.

Mo mi kóró náà. Ó yadi. Mo tún un mì, bóyá. Màmá ń wò mí, ojú wọn ń bẹ̀ mí, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe. Mo mirí fún Baba pé rárá.

Baba mí kanlẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n ké sí gbogbo ilé iṣẹ́ pé ti òní kò tíì fọhùn, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan àpò. Màmá dáhùn pé ẹ ṣeun, Baba, ẹsẹ̀ wọn sì tún mú ẹ̀rọ, kíákíá. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Kóró ò ní bu, Baba ò ní tẹ́, èmi náà á lọ mu omi inú àmù. Inú mi ti ń dùn.

Jẹ́jẹ́ ni kò gbà. Ó ju igi sílẹ̀, ó gba orí kóró kọjá, ó wá gbé ẹnu sí bàbá rẹ̀ létí, ó pariwo.

"Baba, a gbọ́."

Baba wò ó. "Ẹ gbọ́ kí ni?"

"Ohun tẹ́ ẹ sọ fún àlejò. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. A ti mọ̀ látọdún tó kọjá."

Baba yíjú sí mi, bí ẹni pé èmi ni mo lọ sọ. Wọ́n yíjú sí Màmá, Màmá sì sorí kọ́. Wọ́n wá béèrè pé kóró tí àwọn ti ní ó fọhùn látọdún tó kọjá ńkọ́. Jẹ́jẹ́ nawọ́ sẹ́yìn ilé iṣẹ́. Baba lọ wò ó. Nígbà tí wọ́n máa padà, ojú wọn ti pọ́n.

"Ẹ wá fi mí síbí, tí mò ń mi kóró létí lójoojúmọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lóko mi."

Màmá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, tòróró tòróró lọ́wọ́. Wọ́n ní kì í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ò fẹ́ kí Baba lọ jókòó sílé ni. Ó tó ìgbà mélòó kan tí Màmá pariwo ẹ̀ kí Baba tó gbọ́.

"Èmi náà ò fẹ́," Baba fèsì. 

Fèrè ọkọ̀ dún lẹ́nu géètì. Gbogbo wa yíjú síbẹ̀, àfi Baba. Wọ́n wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó yíjú síbi tí a yíjú sí. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lọ.

Wọ́n ní ó ti dé, àbí? Jẹ́jẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Baba bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú kóró kan nílẹ̀. Etí Jẹ́jẹ́ ni wọ́n gbé e sí lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n mì í, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn lójú. Jẹ́jẹ́ mirí pé rárá.

"Lọ sọ fún un pé tẹ̀yìn ilé ni kó kó, tibí kò tíì fọhùn," Baba wí. "Tó bá bi ọ́ pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ní ìwọ ni."

Jẹ́jẹ́ lọ. A gbọ́ oníbàárà lẹ́nu géètì, tó ń jà pé òun ti rìn jìnnà, pé ta ló ní kóró ò tíì gbẹ. A gbọ́ èsì tí Jẹ́jẹ́ fún un. Baba ń wo ẹnu wa. Màmá tẹ̀ sí wọn létí, wọ́n sì fi gbogbo agbára wọn tún un sọ fún Baba.

"Ó ní òun ni."